Ihò Tó Ń Bọ́ Apẹja

"Ihò àwọ̀n ló ń bọ́ apẹja." Ẹ tún un gbọ́ ná, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá orí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ pé. Ṣebí àwọ̀n ló ń mú ẹja? Ihò ni ẹja ń gbà sá lọ! Báwo wá ni ibi tí ẹja ń gbà sá lọ ṣe máa bọ́ ẹni tó ń dẹ ẹ́? Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Ìtàn yìí kì í jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ bí mo bá ń sọ ọ́.

Ní Ìdí-Ẹ̀gbà, abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, obìnrin àgbà kan wà tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Àwọ̀n ló ń hun. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rú: àwọ̀n tuntun kò gbọdọ̀ kan omi àfi bí Rẹ̀mílẹ́kún bá ti ìka mẹ́ta bọ ihò rẹ̀ kan, tí ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọjá gẹẹrẹ. Bí wọn kò bá kọjá, ẹ tú u, ẹ tún un hun. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ ńláńlá dé sójú òkun láti àwọn ìlú tí a kò mọ orúkọ wọn. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń wọ́ àwọ̀n tó gùn ju abúlé lọ. Rédíò ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan, pé ẹja ń dín kù káàkiri ayé. Kí ni ẹni tí ebi ń pa fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àwọn apẹja Ìdí-Ẹ̀gbà ń jáde láàárọ̀, wọ́n ń padà pẹ̀lú ẹja tí kò tó ọbẹ̀ ọjọ́ kan.

Ibi tí Akíntìmẹ́yìn ti dìde nìyẹn. Apẹja ni òun náà, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó lọ sí ìgboro, ó ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn jọ, ó rán wọn pọ̀, ó sọ wọ́n di àwọ̀n. Ó gbé e dé etí omi, ó ń yan bí ọkọ ìyàwó. Rẹ̀mílẹ́kún na ọwọ́. Ìka kan ṣoṣo kò wọlé.

"Akíntìmẹ́yìn, èyí kì í ṣe àwọ̀n. Aṣọ ni."

"Ẹ má bínú o, Ìyá. Ihò ńlá, òfò ńlá! Àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ń kó gbogbo ẹja lójú òkun, ẹ wá ní kí n máa fi ìka wọn tèmi?"

"Àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá máa padà sílé wọn bí ẹja bá tán. Ibo ni ìwọ máa lọ?"

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Àwọn ará abúlé pariwo pé kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Baálẹ̀ họ orí. "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ebi ń pa ìlú."

Inú bí Rẹ̀mílẹ́kún. "Baálẹ̀, ẹ fún èmi àti Jọláadé ìyàwó ọmọ mi ní odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé mi, kí ẹlòmíràn má dẹ ibẹ̀. Kí Akíntìmẹ́yìn gba gbogbo ìyókù. Bí ọdún bá yípo, kí àwa méjèèjì da àwọ̀n lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá bọ́ ìlú lọ́jọ́ náà, òfin rẹ̀ ni ká máa tẹ̀ lé. Bí mo bá pòfo, màá sun abẹ́rẹ́ àwọ̀n mi níná, màá sì kúrò lórí omi."

Háà! Obìnrin tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó nínú omi, tí kò sun ilẹ̀ gbígbẹ rí láyé rẹ̀! Ẹnu ya gbogbo wọn.

Oṣù kìíní, àwọ̀n Akíntìmẹ́yìn kó gbogbo ohun tó ń mí: edé wẹẹrẹ, ọmọ epìyà tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, àní ẹyin ẹja pàápàá. Wọn kò ṣeé sè. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wá láti ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, ó rà wọ́n ní agbada agbada. Abúlé jó! "Ìyá, ṣé ẹ ń wò wá?" ni Akíntìmẹ́yìn ń ké láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ń wò wọ́n. Gààrí lòun àti Jọláadé ń mu, ẹja díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń rí.

"Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?" Jọláadé bi í.

"Kò dá mi lójú rárá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣáà máa tukọ̀ lọ."

Nígbà tó fi di oṣù keje, agbada kan péré ni Akíntìmẹ́yìn ń rí kún. Ní oṣù kẹwàá, ọkọ̀ akẹ́rù wá, ó padà lófìfo, kò sì wá mọ́.

Ọjọ́ pé. Gbogbo abúlé tò sétí omi, ebi ń han wọ́n léèmọ̀. Akíntìmẹ́yìn kọ́kọ́ da àwọ̀n tirẹ̀. Ó fà á: ẹrẹ̀, ewé, ọ̀rá, àti alákàn kan tó ti gé lápá. Ó tún un dà. Ẹrẹ̀!

Ó kan Rẹ̀mílẹ́kún. Òun àti Jọláadé da àwọ̀n sódò kékeré, wọ́n fà á, kò mira. Wọ́n tún fà á, kò mira.

"Ó ti kọ́ kùkùté!" ẹnìkan kígbe. Ojú ìyá àgbà dá wáí.

Àfi bí kùkùté ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn! Ẹ gbà mí o! Omi ń hó, ẹja òbòkún tó gùn tó apá ń fò, ọkọ̀ fẹ́ dojú dé! "Ẹ ràn wá lọ́wọ́ o!" Ta ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi? Akíntìmẹ́yìn ni, tòun ti fìlà! Ó di àwọ̀n mú, ó ń fà, ó sì rí i pé àwọn ẹja kéékèèké ń yọ́ jáde lójú àwọ̀n, wọ́n ń padà sínú omi.

"Ìyá, wọ́n ń jò! Wọ́n ń jò o!"

"Jẹ́ kí wọ́n lọ! Wọ́n ń lọ dàgbà ni!"

Ẹja kún etí omi. Agbada kò tó, wọ́n ń fi ìró gbé e. Baálẹ̀ pe Akíntìmẹ́yìn. "Ìwọ ni kí o dá ẹjọ́ yìí. Kí ló bọ́ wa lónìí?"

Omi ń kán lára ọkùnrin náà. Ó wo òkìtì ẹja. Ó wo àwọ̀n tí wọ́n sá sórí igi, ó rí ojú ọ̀run láàárín rẹ̀.

"Baálẹ̀," ó ní, "ihò ni."

Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yé wọn, ariwo sọ! Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín: "Mi ò lọ mọ́! Mi ò lọ síbì kankan mọ́!"

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ jẹ iṣu tó fi mọ́ èbù, tí kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́ kù fún ọ̀la, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn sọ fún un pé ihò àwọ̀n ló ń bọ́ apẹja.