Oje Ìrókò

"Akọ igi kì í ṣoje." Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọkùnrin abúlé wa fi ń dán ara wọn wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá lọ gbẹ́ òkété. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti ki ọwọ́ bọ ihò, obìnrin ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ó kan Oyèdìran, ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní ẹnu ihò náà ń dán, kò sí erùpẹ̀ tuntun níbẹ̀, kò jọ ti òkété. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ló bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Nǹkan ṣán an.

"Kí ló dé?" Ládiméjì, ọ̀gá wọn, bi í.

"Ẹ̀gún ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé, ó rẹ́rìn-ín.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀ ni wọ́n rí ojú eyín ejò.

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ní, "Ẹ ṣọkàn akin. Akọ igi kì í ṣoje."

"Irọ́ ni! Èmi náà ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ ṣá ìrókò ládàá, ẹ ó rí oje. Igi tó ti kú nìkan ni kì í ṣoje. Òun lẹ tẹ́ sórí ẹní yẹn."