Ohùn Tó Ń Mi Àjà

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé, "Ohùn tó ń mi àjà, kò dé òdìkejì odò." Ẹ ó mi orí, ẹ ó ní òwe ńlá lèyí. Kí ni ohùn ń wá lájà? Ta ló ń dúró dè é lódìkejì odò? Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Ó dáa náà, ẹ ò bèèrè, màá sọ ọ́.

Ní ìlú Ìdí-Ahùn, létí odò, ni Olóyè Láṣebìkan gbé. Ẹlẹ́dàá fún un ní ohùn, ohùn bàǹtà-banta. Bó bá kọrin nínú ilé, àjà á mì, eruku á máa já bọ́ sínú ọbẹ̀. Àwọn ará ilé á fi síbí gbọ́n eruku dànù, wọ́n á ní, "Bàbá, ohùn rèé!" Kí ni wọn ì bá wí? Òun ló kúkú ni ọbẹ̀.

Àyọ̀ká, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ohùn tirẹ̀ tín-ín-rín ni. Bó bá pe ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, èyí tó wà lóko ẹlòmíràn á gbọ́, á sì sá wálé. Láṣebìkan ò ka èyí kún. "Ṣé ohùn nìyí àbí ẹ̀fọn?" ló máa ń wí. "Ohùn tí kò wúwo, ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún un?" Ó ní kò gbọdọ̀ dá orin mọ́ nínú agbo ilé òun, kó máa gbè ni. Àyọ̀ká kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá wa," ó sì ń gbè.

Ó wá di ọjọ́ tí Oyèkànmí, ọmọ Láṣebìkan, fẹ́ gbé ìyàwó. Ọdún mẹ́ta ló fi ro oko àna kí wọ́n tó fún un ní Àrínpé, tí ilé wọn wà lódìkejì odò. Àṣà ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ ìyàwó kì í ṣí àfi bí ilé ọkọ bá kọrin pè é láti èbúté tiwọn. Bí oòrùn bá wọ̀ tí wọn ò gbọ́ orin, a jẹ́ pé ilé ọkọ ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìyàwó á padà sílé bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn á sì fẹ́ ẹ.

Ta ni yóò pè é? Ẹ tún ń bèèrè! Láṣebìkan jẹ orógbó mẹ́fà, ó gbé agbádá wọ̀, ó ní kí gbogbo ìlú tẹ̀lé òun kí wọ́n wá gbọ́ ohùn.

Wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn tó dúró tì í fọwọ́ di etí, ajá sá wọ igbó. Ṣùgbọ́n odò kún, ó fẹ̀, ó ń hó, ọkọ̀ tó wà lódìkejì ò sì mira. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún mú un wúwo sí i. Kàkà kí ọkọ̀ ṣí, ńṣe ni wọ́n fà á gun òkè.

"Wọn ò mọ iyì ohùn ni," ni Láṣebìkan wí.

Oòrùn ti ń lọ sílé. Oyèkànmí dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó nawọ́ sí Àyọ̀ká. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Ìyá Kékeré pè é."

"Ẹ̀fọn ni yóò wá pe ìyàwó ilé mi?"

"Bàbá, ìyàwó la wá gbé, a ò wá gbé ohùn yín!"

Ọmọ kì í bá bàbá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a wí lọ́jọ́ náà? Láṣebìkan wo oòrùn, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

Àyọ̀ká bọ́ síwájú. Kò jẹ orógbó kankan.

"Àrínpé, máa bọ̀ o,
A ti gbálẹ̀, a ti pọnmi,
Ìwọ là ń retí."

Tín-ín-rín báyìí ló ń lọ lórí omi. Ẹnikẹ́ni ò di etí. Kò tíì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì tán tí ariwo ayọ̀ fi sọ lódìkejì, tí wọ́n sì ti ọkọ̀ sómi.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ìyá àgbà tó mú ìyàwó wá sọ̀kalẹ̀, ó kí Láṣebìkan tìtara-tìtara.

"Ẹ kú ewu òjò o, Bàbá ọkọ! Láti ọ̀sán la ti ń gbọ́ ọ tó ń kù rìrì lọ́dọ̀ yín. Àwa la tiẹ̀ fa ọkọ̀ gun òkè kí ìjì má gbé e lọ. Ṣé kò bà yín nílé jẹ́?"

Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Gbogbo ará Ìdí-Ahùn bẹ̀rẹ̀ sí wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn.

"Ó ti dá," ni Láṣebìkan wí.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Àrínpé bí ọmọkùnrin kan tí kì í sùn. Àyọ̀ká kọrin fún un títí, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kàn ń là á lójú sí i ni. Láṣebìkan, tó ti di ẹni jẹ́jẹ́, gbà á, ó gbé e lé àyà, ó sì ń kùn lábẹ́ ọ̀fun. Ọmọ sùn fọnfọn. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá ti sunkún, Àrínpé á kúnlẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rọ òjò yín díẹ̀." Bàbá á rọ̀ ọ́. Eruku á bọ́ sínú ọbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń wí fún ẹni tí wọ́n ti yìn jù nílé pé, "Ohùn tó ń mi àjà, kò dé òdìkejì odò." Ẹ lè wá mi orí yín báyìí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń mì í sí.