Ọjọ́ Tí Ògúnsínà Pa Iná Agbẹ̀dẹ Baba Rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, páìpù là ní ilé iṣẹ́ gáàsì tó wà lórí òkè Ìgbó-Ìrosùn, iná sì sọ. Iná náà ga ju ìrókò lọ, ó sì ń lá táńkì ńlá kan lára. Bí táńkì yẹn bá bẹ́, ìlú ti parẹ́ nìyẹn. Ìrìn wákàtí méjì ni ọkọ̀ panápaná ìjọba wà. Ohun tí ìlú ní kò ju ọkùnrin mọ́kànlá àti obìnrin mẹ́ta tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ panápaná, ẹ̀rọ kan tó ń fa omi odò, àti olórí wọn, Ògúnsínà Àlàó, ọmọ arọkọ́ rọ àdá, ọmọ agbẹ̀dẹ tí iná rẹ̀ kò kú rí, wẹ́dà tí kì í pariwo.

Akíngbàlà awakọ̀, ọ̀kan nínú wọn, ti gbé àpò tútù, ó fẹ́ sáré lọ bo iná náà. Ògúnsínà fà á lẹ́wù padà.

“Má pa á!”

“Ọ̀gá, ṣé kò sí o? Irú panápaná wo wá ni wá?”

“Fáàfù tí wọ́n fi ń sé gáàsì ti gbóná, ọwọ́ ò lè kàn án. Bó o bá pa iná, gáàsì á ṣì máa tú jáde, ilẹ̀ ni yóò sì máa rá gbà lọ bá àwọn tó ń dáná nílùú. Èyí tó ti jáde kí iná tó sọ ti wà nínú gọ́tà, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jó. Táńkì àti fáàfù ni kí ẹ máa da omi lù títí n ó fi lọ pa iná ìlú dé.”

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Agbẹ̀dẹ ilé wọn ni gọ́tà yẹn kọ́kọ́ dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú dó ni iná ibẹ̀ ti ń jó. Ibẹ̀ ni àwọn ìyàwó tuntun ti ń fọn iná lọ sílé ọkọ. Màmá Àwẹ̀ró, àbúrò baba rẹ̀, ló jókòó tì í.

“Àlàó, iná tí baba ńlá rẹ gbé wọ̀lú! Ìwọ lo fẹ́ pa á?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Bí mo bá dá tiwa sí, ta ni yóò gbà láti pa tirẹ̀?”

Garawa omi mẹ́ta ló dà sí i. Ó sunkún, kò sì fi pamọ́. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò rí eérú tútù yẹn, kò sẹ́ni tó jiyàn mọ́. Kíá ni wọ́n pa gbogbo iná ìlú.

Ògúnsínà padà gun òkè. Ó fi àpò tútù wé ọwọ́, àwọn yòókù ń da omi lé e lẹ́yìn, ó sì yí fáàfù náà pa. Iná kú fúnra rẹ̀. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ títí ó fi kú.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òórùn gáàsì ti lọ, ó dúró níwájú agbẹ̀dẹ, kò lè wọlé. Màmá Àwẹ̀ró ṣì jókòó ti eérú tútù náà. Àfi bí ìyàwó Akíngbàlà ṣe dé, tó gbé ẹ̀yinná kan sórí àpáàdì.

“Màmá, ìṣáná ni mo fi dá a o. Ẹ̀yin lẹ ti ń fún wa níná látọjọ́ yìí. Ẹ gba tiwa.”

Màmá Àwẹ̀ró fọwọ́ méjèèjì gbà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojúlé kọ̀ọ̀kan ti gbé tirẹ̀ dé.

Títí di òní, lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ní Ìgbó-Ìrosùn ló ń pa iná, tí wọ́n á sì gbé ẹ̀yinná tuntun lọ sí agbẹ̀dẹ. Àwọn ọmọ Ògúnsínà kì í fọwọ́ kan ẹwìrì títí ilé tó kẹ́yìn yóò fi dé.