Sítíárìn Tí Kò Lóhùn

Ọmọ ìyá méjì kan wà ní Ìlórò-Òkè, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí àpáta. Ọlátúbọ̀sún ni ẹ̀gbọ́n, Ọládiípọ̀ ni àbúrò. Bàbá wọn kú nígbà tí Diípọ̀ ṣì ń rákòrò, Túbọ̀sún ló sì fi owó ọkọ̀ wíwà tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí Diípọ̀ di ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra alùpùpù fún un, láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ná ọ̀nà kan ṣoṣo tó so ìlú náà pọ̀ mọ́ Ọjà Ìsàlẹ̀. Ìyá wọn a máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìbejì ni òun bí, ọdún ló kàn kó sí wọn láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọ̀nà náà díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà yẹn kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Bí o bá ń lọ, àpáta wà lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ kejì. Ibì kan wà tó ti ṣẹ́rí gidigidi, tí wọ́n ń pè ní Kọ́nà Elékùrọ́, nítorí pé àwọn ìyá kan máa ń jókòó pa ẹ̀kùrọ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹni tó ń sọ̀ kò lè rí ẹni tó ń gòkè, ẹni tó ń gòkè kò lè rí ẹni tó ń sọ̀, ààyè kò sì sí níbẹ̀ fún wọn láti yà fún ara wọn. Nítorí náà ni àwọn awakọ̀ ṣe fi òfin kan lélẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀ gbọ́dọ̀ fọn fèrè gígùn kan kó tó wọ kọ́nà. Ẹni tó bá ń gòkè gbọ́dọ̀ dúró nísàlẹ̀ níbi tí àpáta ti yanu díẹ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì tẹ́tí. Bó bá gbọ́ fèrè, kó dúró kí onítọ̀hún kọjá. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, òun ló ni ọ̀nà. Òfin yìí ni wọ́n máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki jíà. Àwọn awakọ̀ a máa ní etí ni wọ́n fi ń ríran ní Kọ́nà Elékùrọ́.

Túbọ̀sún kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í mutí, kì í já èrò sílẹ̀ sáàárín ọ̀nà, kì í sì í bá ènìyàn jà ní gáréèjì. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yin ọkọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á kọ́kọ́ wẹ̀ fún ọkọ̀ kó tó wẹ̀ fún ara rẹ̀. Àfi sítíárìn ọkọ̀ náà nìkan ni kò ṣeé wẹ̀ mọ́. Oòrùn ti sá a títí awọ ara rẹ̀ fi ń bó, bí ènìyàn bá sì ti di í mú tán, dúdú á kù sí i lọ́wọ́.

Ọjọ́ kan ni Ògúnṣínà, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, yọjú wọlé láti ojú fèrèsé ọkọ̀ náà níwájú gbogbo èrò. Ó ní, "Túbọ̀, kí lo dì mú káàkiri yìí? Adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ dé ìdajì ni àbí sítíárìn?"

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Túbọ̀sún náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀, wọ́n sì fi sítíárìn tuntun kan ránṣẹ́ sí i. Awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó, okùn pupa ni wọ́n fi rán an, irin tó wà láàárín rẹ̀ sì ń dán débi pé ènìyàn lè fi wo ojú. Túbọ̀sún gbé e wọ yàrá, ó sì gbé e síbi tí ojú rẹ̀ á ti máa rí i láti orí ibùsùn.

Òun àti Diípọ̀ ló jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ Múfútáù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Múfútáù yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, "Ó rẹwà o, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n adití ni, odi sì tún ni."

"Báwo ni ti odi ṣe jẹ́?"

"Wo ti àtijọ́ yìí. Fèrè wà láàárín rẹ̀. Bọ́tìnnì tí o fi ń dín rédíò kù nìyí, èyí tí o fi ń gbé fóònù láìjuwọ́ sílẹ̀ nìyí. Wáyà gbogbo wọn gba inú òrùka kan tó wà lẹ́yìn. Bí o bá ń yí sítíárìn, òrùka náà á máa bá a yí, kí wáyà má baà já. Ìdí tuntun yìí kò bá òrùka yẹn mu. Mo lè tú àwọn bọ́tìnnì yìí, kí n dè wọ́n mọ́ ara tuntun, kí gbogbo wọn sì máa ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n a ní láti rí òrùka tó máa so àwọn méjèèjì pọ̀. Kò sí níbí. Ó di Àkúrẹ́."

Diípọ̀ ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ mú un. Bí mo bá gbéra ní ìdájí ọ̀la, màá ti padà dé kí ọjà tó tú. Ẹ ṣáà má tíì gbé e jáde kí n tó dé."

"Lọ kí o rí i mú bọ̀, ọmọ ìyá mi," ni Túbọ̀sún wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Ọjọ́ kejì yẹn ni ọjọ́ Ọjà Ìsàlẹ̀. Gbogbo awakọ̀ ti kó èrò sọ̀ kalẹ̀, Ògúnṣínà wà lára wọn. Túbọ̀sún jókòó sílé títí, ìjókòó náà kò gbà á. Ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Lójú rẹ̀, ó ń rí bí Ògúnṣínà yóò ṣe la ẹnu sílẹ̀ láàárín ọjà. Bí ọjà bá sì fi tú lónìí, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Múfútáù.

"Bá mi fi sítíárìn yẹn sí i ná. Bí òrùka bá dé, a ó wá fi í sí i."

"Rárá o. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, kí ló dé tí o fẹ́ ká dá a sí méjì?"

"Múfú, ṣé mo ti bẹ̀ ọ́ rí?"

Ẹ̀bẹ̀ ọ̀rẹ́ nira láti kọ̀. Múfútáù yọ orí bátìrì, ó dúró díẹ̀ kí iná tó kù nínú wáyà gbẹ, kí àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn, èyí tó máa ń wú láti gba awakọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, má baà bẹ́ sí i lójú. Ó tú ti àtijọ́ kúrò, ó di àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sínú àkísà mímọ́, ó sì de tuntun mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fa wáyà kan jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó so bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ orí rẹ̀, ó sì fi í kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún awakọ̀.

"Èyí ni fèrè rẹ títí Diípọ̀ á fi dé. Àárín ìlú nìkan ni kí o ti wà á. Má sọ̀ kalẹ̀ o, Túbọ̀sún. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó yí ìlú po, àwọn ènìyàn sì yìn ín. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi dúró wò ó, bàbá àgbà kan tilẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn aráalé kọ́ ni ojú rẹ̀ ń wá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, ó dá ọkọ̀ dúró. Ó rò ó pé ọ̀nà tí òun ti ń sọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ ni, pé fèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, pé òun kò kúkú gbé èrò kankan. Bí ó ṣe fún ara rẹ̀ láṣẹ nìyẹn. A kì í bá ara ẹni jiyàn kí á má borí.

Ó ń rọra sọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Kọ́nà Elékùrọ́, ọwọ́ rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó lọ síbi tó ti máa ń lọ láti ọdún pípẹ́ wá, ó sì tẹ àárín sítíárìn. Irin ló tẹ̀. Ohùn fèrè náà ti mọ́ ọn lára débi pé ó ti wọ kọ́nà tán kí etí rẹ̀ tó sọ fún un pé òun kò gbọ́ ohunkóhun. Ó já ọwọ́ sílẹ̀, ó ń wá orúnkún. Ó mú ṣòkòtò, ó mú etí àga, ó wá mú wáyà, ó sì tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀. Fèrè náà ké, ó ké kíkan, ṣùgbọ́n alùpùpù kan ti wà níwájú rẹ̀ nígbà náà. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà mọ́.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó rí alùpùpù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun, ó sì mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló rà á. Kò mọ bí òun ṣe sọ̀ dé ìsàlẹ̀ láàárín òkúta àti ẹ̀gún. Diípọ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì là. Túbọ̀sún gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Diípọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń lá àlá lọ. "Mo dúró o. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ́tí títí. N kò gbọ́ yín."

"Má sọ̀rọ̀ mọ́, ọmọ ìyá mi. Jọ̀wọ́, má sọ̀rọ̀ mọ́."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lóòótọ́. Òrùka tó lọ mú wà nínú àpò rẹ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, nǹkan kan kò ṣe é. Ògúnṣínà àti àwọn awakọ̀ tó ń ti ọjà bọ̀ ló bá wọn níbẹ̀. Ògúnṣínà ló gbé òkú náà gòkè, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tó wo sítíárìn tó wà nínú ọkọ̀.

Abiyamọ kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ sin Diípọ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sínú yàrá, àwọn obìnrin yí i ká. Túbọ̀sún kò lè tẹ̀ lé àwọn tó lọ, kò sì lè wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wà nínú erùpẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é láti inú yàrá.

"Túbọ̀sún, ṣé àbúrò rẹ kò mọ òfin ọ̀nà ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Màámi. Ó dúró. Ó tẹ́tí."

"Ìwọ ni o kò wá fọn fèrè?"

"Mo tẹ̀ ẹ́, Màámi. Kò dún."

"Fèrè tó ń dún láti ọjọ́ tí o ti ra ọkọ̀ náà? Tí mo máa ń ti inú ilé gbọ́, tí màá ní ọmọ mi ti ń sọ̀? Kí ló ṣe é tí kò fi dún?"

Kò sí irọ́ tó rọrùn láti pa lọ́jọ́ náà, kò sì wù ú láti pa á. Ó ní, "Mo yọ ti àtijọ́ kúrò, Màámi. Mo fi èyí tó rẹwà sí i. Wọ́n ní kí n ní sùúrù kí ohùn rẹ̀ tó dé. N kò ní i."

Ìyá náà kò gbé ohùn sókè, kò sì ṣépè. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń béèrè iye tí ọmọ ra ọjà.

"O ta ohùn, o fi ra ẹwà. Ọjà náà mà wọ́n o, ọmọ mi." Ó wá fi ọwọ́ nu ojú. "Dìde ńlẹ̀. Wọlé wá jókòó tì mí. Ìwọ nìkan ló kù fún mi."

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yìí ló dá Túbọ̀sún lóró ju ìyà lọ, nítorí ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ìyá rẹ̀ lé e jáde. Ó fà wọlé lórí orúnkún, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wa ọkọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà ló gbé ọ̀rọ̀ ìyá náà délé, àwọn ọkọ wọn gbé e dé gáréèjì, láti gáréèjì ló sì ti gba ọ̀nà lọ sí ìlú mìíràn. Títí dòní, bí ẹnì kan bá fẹ́ torí ohun tó dùn ún wò já ohun tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn sílẹ̀, àgbà tó bá wà níbẹ̀ á mi orí, á sì pa á lówe fún un pé: a kì í ta ohùn ra ẹwà.