Ibi Tí Iyọ̀ Ń Lọ

Kíláàsì kẹ́mísírì oríṣi méjì ni Ìbíyẹmí bá ní yunifásítì: ti àwọn ọ̀jáfáfá àti ti gbogbo ayé. Ti ọ̀jáfáfá ló mú, kí wọ́n lè gbọ́ nílé pé ọ̀jáfáfá ni òun.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ da iyọ̀ sínú omi gbígbóná, iyọ̀ sì rọra parẹ́ bí ìrì òwúrọ̀. Ó wu Ìbíyẹmí kó béèrè ibi tó lọ, ṣùgbọ́n ojú tì í; ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ooru omi náà títí, àfi bíi pé ìyá rẹ̀ àgbà ń sọ̀rọ̀ nídìí ọbẹ̀:

“Ọmọ mi, a kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Ìwọ̀n tí ọbẹ̀ bá gbà ni kóo fi sí i.”

Lọ́jọ́ kejì, kíláàsì gbogbo ayé ló jókòó sí. Ó nawọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni iyọ̀ ń lọ?”

Ni gbogbo kíláàsì bá gbórí sókè. Àwọn náà fẹ́ mọ̀.