Ìdọ̀tí Abẹ́ Òkúta Ìyá Àrọ̀

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Ààlọ́ mi já sódò jàbú, ó bá Àrọ̀ àti Alákàn níbẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀ ilé Ìyá Àrọ̀. Bó bá jẹun tán, ìrù ló fi ń gbá àjẹkù sábẹ́ òkúta, ọ̀bùn afínjú ojú ayé.

Ó yé ẹyin sílẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ rà. Ó ní Ọ̀pọ̀lọ́ ló fojú burúkú wò ó. Ó tún yé, ó tún rà. Ó ní òjò ni.

Alákàn, aládùúgbò rẹ̀, ní, "Ìyá Àrọ̀, ẹ jẹ́ ká fọ abẹ́ òkúta yìí."

"Ìwọ tí o kì í rìn tààrà? Ṣé o ò rí i pé omi mi mọ́ gaara ni?"

Bó ṣe fẹ́ yé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Alákàn yí òkúta kan ṣoṣo. Ìdọ̀tí dúdú ru bò wọ́n, Àrọ̀ húkọ́ títí. Òun náà bá fẹnu gbé òkúta. Ẹ gbè é:

Tú u, Àrọ̀, tú u.
Òkúta wẹ́wẹ́.
Abẹ́ ló ń pa ọmọ.
Òkúta wẹ́wẹ́.

Wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ó yé, ẹyin pa, ọmọ kún ibú bámúbámú.

Ààlọ́ mi gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó yá, ta ló ti èèpo ẹ̀pà sábẹ́ ẹní mi yìí? Dìde, kó o kó o.