Ẹni Tó Gún Ilé Agbọ́n

Akínlàbí, mo ti gbọ́ ohun tí o sọ, n ó sì dá ọ lóhùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, ọkùnrin kan wà ní ìlú tí mo ti ṣe tíṣà rí, tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nípa rẹ̀.

Katakata ni ọkùnrin náà ń wà. Òun ni àwọn àgbẹ̀ máa ń bẹ̀ pé kó bá wọn tú ilẹ̀ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì máa ń fara balẹ̀. Kì í tan ẹ́ńjìnnì láìkọ́kọ́ yẹ ọ́ìlì wò, kì í sì í gbéra láìkọ́kọ́ yí katakata náà po, kó wò ó bóyá ọmọ ẹnì kan ń ṣeré nídìí táyà. Mo ń sọ èyí kí o má bàa rò pé ìtàn ènìyàn búburú ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ilé rẹ̀ wà létí ìlú. Ògiri kúkúrú kan ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọn kò tíì pẹ́ ládùúgbò. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, agbọ́n wá kọ́lé sí etí òrùlé ọkùnrin náà, lápá ẹ̀yìn, lókè ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Agbọ́n ńlá ni, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ bó bá ń fò. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rí ilé náà, kò ju ìdérí ìgò lọ. Nígbà tí òjò fi máa mú dáadáa, ó ti tó àwo ọbẹ̀.

Ọkùnrin náà kò kọ́kọ́ bá wọn jà. Àwọn ò wá a, òun náà ò wá wọn. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó fẹ́ ká ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ lórí okùn, ni ọ̀kan bá ta á létí. Etí náà wú. Nígbà tó dé oko, àwọn àgbẹ̀ ń bi í léèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ló fà á létí. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí agbọ́n náà tún ta ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ní ìpéǹpéjú. Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn lọ, ojú rẹ̀ ò sì ṣeé ṣí nígbà tó jí. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ náà bí ọmọ, Akínlàbí. O mọ ohun tó wà nínú bàbá bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wí fún un pé, “Bàbá Ìbídùn, ẹ jẹ́ ká pe ọdẹ tó máa ń bá àwọn ènìyàn lé oyin. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣe é, nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé, tí ara wọn ti rọ̀.”

“Ọdẹ ò sí nílé. Ó ti lọ sóko, kò sì ní í dé títí di ọjọ́ ọjà.”

“Ẹ jẹ́ ká dúró dè é nígbà náà. Bí ẹ ò bá sì lè dúró, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún àwọn ará ẹ̀yìn.”

“Kí lo fẹ́ sọ fún wọn? Ṣé òrùlé wọn ni agbọ́n kọ́lé sí?”

Ìyàwó rẹ̀ lọ fi omi tútù pa ojú ọmọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà gé ọparun gígùn kan wá. Kò sáré ṣe é. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì kà wọ́n bóyá wọ́n pé. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ orí okùn. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó ti tẹ̀yìn. Adìẹ kan wà nílé náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló lé e wọ ilé ìdáná pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fi pákó dí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ṣí fèrèsé díẹ̀, ó fi aṣọ dí àlàfo tó kù, ó ti orí ọparun náà síta, ó sì gún ilé agbọ́n lẹ́ẹ̀kan gbọnhin. Ilé náà já. Ó fa ọparun wọlé, ó ti fèrèsé. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Agbọ́n kankan ò ráyè wọlé.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ilé agbọ́n ni agbọ́n máa ń ta. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Agbọ́n kì í ṣe ìwádìí. Kì í béèrè ẹni tó di ọ̀pá mú. Ẹni tó bá bá níta ló ń bá jà.

Lódìkejì ògiri, ìyàwó télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá rẹ̀ ti wá láti ọ̀nà jíjìn kó lè bá a wẹ ọmọ. Lákòókò tí mò ń wí yìí, ìyá náà jókòó sórí àpótí lábẹ́ òjìji ògiri, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bàsíà, ó tẹ́ ọmọ náà sí itan, ọṣẹ sì ti kún orí ọmọ. Ó gbọ́ ìró kan bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Ó gbójú sókè, kò rí òjò.

Ẹni tó bá gbé ọmọ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́, tí orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún, kò lè sáré. Ìyá náà kò tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ó tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi bo ọmọ, ó sì tẹ̀ bò ó bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe òrùlé. Ìyàwó télọ̀ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú yàrá, ó sì ń sáré bọ̀.

“Má jáde,” ni ìyá náà wí. “Ọmọ wà lábẹ́ mi. Ti ilẹ̀kùn yẹn.”

Wọ́n ta á lórí, wọ́n ta á lọ́rùn, wọ́n ta á káàkiri ẹ̀yìn. Ọkùnrin oníkatakata gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọwọ́ náà sì dúró síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, pé ilẹ̀kùn tí òun fi ọwọ́ ara òun tì ni òun kò lè ṣí. Nígbà tó fi máa fi kóòtù bo orí, tó jáde, télọ̀ ti sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ìyá àti ọmọ, ó sì ti fà wọ́n wọlé.

Agbọ́n kò rí ọmọ náà ta. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ìyá náà dé ọsibítù, ọ̀fun rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ sì ti ń já. Àwọn dókítà sa ipá wọn. Ó pẹ́ kó tó lè gbé omi mì. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, kò kú.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ lọ kí i. Ojú ìyá náà ṣì wú, ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níta.”

“Ẹ ò mọ̀?”

“Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣe nǹkan wàràwàrà. Mo kó àwọn ọmọ wọlé kí n tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Mo ti fèrèsé. Kódà adìẹ, mo kó adìẹ wọlé.”

Ìyàwó ọkùnrin náà sorí kọ́.

“Ẹ kó adìẹ wọlé,” ni ìyá náà wí. Kò gbé ohùn sókè, ọ̀fun rẹ̀ ò tiẹ̀ tíì gbà á. “Ó túmọ̀ sí pé ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé kò ní í dára fún ohunkóhun tó bá wà níta.”

Ọkùnrin náà tún dojú bolẹ̀.

“Ẹ dìde,” ni ìyá náà tún wí. “Mi ò bá yín jà. Agbọ́n ta ọmọ tiyín náà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tún sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ò mọ̀.”

Ọkùnrin náà kò tún sọ ọ́ mọ́.

Oṣù náà kò tíì parí tí àwọn agbọ́n tó ṣẹ́kù tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí etí òrùlé kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró de ọdẹ. Lọ́jọ́ tí ọdẹ dé, òun fúnra rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún wọn pé, “Ìrọ̀lẹ́ òní la fẹ́ yọ agbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, kí ẹ ti fèrèsé.” Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó bá wọn ká aṣọ ọmọ kúrò lórí okùn, ó bá wọn gbé bàsíà wọlé. Kò padà sílé rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn níta, títí ọdẹ fi fi èéfín lé agbọ́n tán. Ọ̀kan já wá, ó ta á ní ìpàkọ́. Kò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ọdẹ ní ó ti parí, ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà ló ṣí i, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá Ìbídùn,” ó ní, “ẹ wọlé, kí n fi òróró pa ibi tó ta yín.”

Akínlàbí, ìwọ ni mò ń bá wí. O ní lọ́la, bí ìpàdé ẹbí bá ti bẹ̀rẹ̀, o máa dìde, o sì máa sọ lójú gbogbo ènìyàn bí àbúrò bàbá rẹ ṣe sún ààlà oko kòkó bàbá rẹ. O ní bí o bá ti sọ ọ́ tán, o máa wọ mọ́tò, o máa padà sí Ìlọrin. Mi ò ní irọ́ lo fẹ́ pa. Mo mọ ibi tí pèrègún ààlà wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ibi tó wà báyìí. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ilé agbọ́n sílẹ̀ kó máa tóbi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ pé ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́, o ní o kò mú wọn wá, kí wọ́n má bàa bá wàhálà pàdé. Nítorí náà, o mọ̀.

Ìyá rẹ ni yóò wà níta. Kò ní ilé mìíràn. Inú agbo ilé bàbá rẹ ló máa jí sí lọ́tùnla, nígbà tí ìwọ bá ti dé Ìlọrin. Àwọn ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ló ń bá a pọn omi láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún. Àárín wọn ló ti ń dáná. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa dá lóhùn, láràárọ̀, títí tí o ó fi tún wálé.

Bí o bá fẹ́ sọ ọ́, sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Bó bá ní kí o dúró díẹ̀, dúró. Bó bá ní kí o sọ ọ́, bí o bá sọ ọ́ tán, má wọ mọ́tò. Dúró tì í títí ariwo yóò fi rọlẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ ta á kọ́kọ́ bá ọ.

Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó wá síbí. Ó ń já ẹ̀fọ́ tó fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún ọ. Inú rẹ̀ dùn pé o wálé, kò sì mọ nǹkan kan. Dìde, lọ bá a.